Bí Mo Ṣe Tú Orí Alùpùpù Mi ní Pálọ̀ Nítorí Ojú Ìyá Rẹ

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò fi ojú rẹ rí màbo? Ọlọ́run tó gbé mi dé ibi tí mo dé láìsí bàbá tó tì mí lẹ́yìn, òun náà ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọ kí o tó kàn án. Àwa náà ń bẹ láàyè, ilé kò jó, òjò kò gbé wa lọ.

Mo rí i pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta tí mi ò gbé e, má bínú. Ẹnu iṣẹ́ ni fóònù náà wà, ẹnìkan ń kọ́ mi níṣẹ́ nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

O mọ̀ pé ọjọ́ Tuesday ni ilé ìwòsàn dá fún ojú ìyá rẹ, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá dé kí wọ́n tó pe orúkọ ní agogo mẹ́jọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mọ́tò kì í sì kọjá lójú ọ̀nà wa títí di agogo mẹ́wàá. Alùpùpù mi tí kò dójú tì mí rí láti ọdún méjìdínlógún ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ta-ta-ta lórí, kò lè gun òkè tí ewúrẹ́ ń gùn. Mẹkáníìkì oríta ní àwọn fáàfù rẹ̀ ló ti jẹ, ìyẹn ọmọrí méjì tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀kan ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, tí èkejì ń lé èéfín jáde. Ó ní òun á tú u, òun á lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjọ́ márùn-ún ló sì kù! Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fi ẹ́ńjìnnì ìlọta kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olódẹ̀dẹ̀, tí mo kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà, tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, bẹ́ẹ̀ ìwé kejì ni mo kà mọ! Mo ti alùpùpù mi padà sílé.

Inú pálọ̀ ni mo gbé e sí. Ìyá rẹ ní ṣé lórí kápẹ́ẹ̀tì òun ni, mo ní kó lọ mú ẹní àtijọ́ wá. Télọ̀ tó wà lójúde wa ló bá mi ṣí ọkùnrin kan nínú fóònù tó ń tú irú alùpùpù mi gan-an. Mo kí i, kò dáhùn, mo fojú fò ó nítorí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ ti pọ̀ jù! Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kan, ó ti gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò. Mo ní kó dúró dè mí, kò dúró. Mo ní ẹni tó di sípánà mú yìí ju bàbá rẹ̀ lọ, ńṣe ló rẹ́rìn-ín tó ń bá tiẹ̀ lọ. Òógùn bò mí. Ìgbà tí télọ̀ padà dé tó bá mi bẹ́ẹ̀, ó kàn fi ìka kan tọ́ ọkùnrin náà lójú, ọkùnrin náà sì dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo fò dìde. Mo ní kí lo ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dá a dúró nìyẹn, pé mo lè fi í bẹ́ẹ̀ di ọ̀la. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo fi áńkáṣíìfù tó mọ́ bò ó kí eṣinṣin má baà kó sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan fáàfù lílọ̀, ọmọ mi, ilé mi ni mo dé. Mo yọ sípíríǹgì, mo ha èédú inú rẹ̀ kúrò, mo fi ọṣẹ oníyanrìn tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ sí i lẹ́nu, mo wá ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi fún ọjọ́ méjì. Irin wínníwínní méjì tó dà bí ààbọ̀ òṣùpá, tó ń di sípíríǹgì mú, fò wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá rẹ tí kò ríran ló fi ọwọ́ wá wọn jáde. Nígbà tí mo da epo sí i láti dán an wò, ẹ̀kán kan kò jò. Mo pe gbogbo ojúde wá wò ó.

Mo wá ń tò ó padà. Ọkùnrin inú fóònù ní kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìdí fáàfù àti irin tó ń gbá a. Mo ní ọ̀lẹ ọmọ ìwòyí ni. Ta-ta-ta tó ń dà mí láàmú, ṣé kì í ṣe inú àyè náà ló ti ń jáde ni? Mo fún un pinpin, èèrà kò lè gba ibẹ̀ kọjá. O mọ̀ mí, ohun tí mo bá dì kì í tú. Ọ̀sán Monday, mo fi ẹsẹ̀ ta á, mo ta á, títí bàtà mi fi já. Kò dún. Irin tí a fi ń ta á kàn ń rọ̀ wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀la sì ni ilé ìwòsàn. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo jókòó sílẹ̀, mo yí ojú sí ògiri.

Ìyá rẹ fọwọ́ tọ ògiri wá bá mi. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí sínú, ó ní kí n ta á. Ó ní èémí ń padà jáde níbí, fáàfù yìí kò pa dé, ẹnu tí kò bá pa dé, báwo ló ṣe fẹ́ jẹun? Ó ní nígbà tí mo ń bá ọkùnrin yẹn jà, òun tí kò ní ojú tí òun fi ń wò, etí lòun fi sílẹ̀: ọkùnrin náà ní kí àyè náà tó èyí tí abẹ́ ìfárí tuntun kan lè gbà kọjá. Ó ní láti ogójì ọdún ni mo ti ń fún gbogbo nǹkan inú ilé yìí pinpin, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn pàápàá ń fẹ́ àyè díẹ̀ kó tó lè tì. Mo tú abẹ́ tuntun, mo dẹ̀ ẹ́ títí abẹ́ fi ń wọ́ kọjá níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ta á! Ó bú gbàù ní pálọ̀, èéfín gba ilé kan, télọ̀ sá jáde tòun ti aṣọ oníbàárà lọ́rùn. Ó ṣì ń ké ta-ta díẹ̀, ìyá rẹ ní ohùn àlàáfíà nìyẹn.

Agogo méje la ti dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó kún fún àpótí kéékèèké, mo sọ fún akọ̀wé pé ìyàwó mi kò lè gba inú ìwọ̀nyí. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe lọ fáàfù, kí dókítà lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ló gbé aláìsàn wá. Wọ́n bó awọ funfun ojú ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ohun tí wọ́n fi dì í lọ́jọ́ kejì, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo fèrèsé, ó wá wò mí. Ó ní háà, ṣé bí ẹ ṣe wá darúgbó tó nìyí? Mo ní eérú ẹ́ńjìnnì ni. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, ó wá fọwọ́ pa irùngbọ̀n mi. Ọdún mẹ́rin, ọmọ mi, ni kò fi rí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọn yóò ṣe ojú òsì. Nítorí náà, bá mi wá owó díẹ̀. Oúnjẹ wà nílé. Dáì dúdú ni mo fẹ́ rà, èyí tó dára, onígbàjámọ̀ ní orí àti irùngbọ̀n yóò gbà tó páálí méjì. Má fi í ránṣẹ́ sí báńkì o, ọmọbìnrin ibẹ̀ máa ń bi mí ní ọjọ́ ìbí mi, ẹni tó bá sì mọ ọjọ́ orí mi lè tú àṣírí mi fún ìyá rẹ. Fi í lé dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà wa lọ́wọ́. Ojú méjì ń bọ̀ wá wò mí, mo gbọ́dọ̀ múra.

Kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò rí ọ kedere, tí yóò sì tún rẹ́rìn-ín sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì lágbára.