Èsì Ẹ̀jẹ̀ Tí N Kò Fún Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti fún mi ní ìgbéga tí ẹ máa ń tọrọ fún mi lẹ́yìn ìrun àsùbá. Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú báàgì mi látọjọ́ Mọ́ńdè, n kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí. Tó bá ṣe pé ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá ti pín mínírà káàkiri gbogbo ìsọ̀ àlùbọ́sà ní Mile 12 kí n tó délé, ẹ̀ bá sì máa pe ara yín ní ìyá dókítà, bí mo tilẹ̀ ti ṣàlàyé títí pé dókítà tèmi ti ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.

Pépà ìwádìí tí mo kọ lórí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin ọlọ́jà ló mú ìgbéga náà wá. Àwọn onímọ̀ tí n kò rí rí, láti ìlú òyìnbó títí dé Íńdíà, ń tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tiwọn. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá ṣe ń tọ́ka sí èèyàn tó ni iyì rẹ̀ ṣe ń ga tó. Mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní sáíbà káfé ní Kẹ́tú, kí n lè wo àwọn tó tún dárúkọ mi. Bí mo bá rí ẹyọ kan péré, n ó máa dá rẹ́rìn-ín lórí àga. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn Ìkòsì ni mo ń gbà lọ sílé kí n má baà kọjá níwájú ọjà.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé ìgò àti abẹ́rẹ́ wá sí ìsọ̀ yín? Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ká apá aṣọ yín sókè tẹ́ ẹ kọ́kọ́ nawọ́, tẹ́ ẹ ń wo àwọn ẹgbẹ́ yín bí ẹni fẹ́ bá wọn jà. Ẹ ṣèlérí fún wọn pé ọmọ yín á mú èsì oníkálukú wá. Lẹ́yìn yín ni Ìyá Kúdí, ọ̀rẹ́ yín tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiyín, na tiẹ̀, làwọn yòókù bá tò. Nígbà tí mo ń lọ, ẹ ṣa àlùbọ́sà fún mi, ẹ ń fi àtàńpàkò tẹ ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kí èyí tó rọ̀ má baà bá mi délé.

A kì í kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀, Màámi. Nọ́ńbà là ń kọ, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ìwé orúkọ wà lọ́tọ̀, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tí mo bá ṣí ìwé kí n tó mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kìíní? Àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì. Mo tún un yẹ̀ wò. Ohun kan náà ni.

N kò sọ fún yín. Kí ni mo ń dúró dè gan-an? Mo ní ara yín ṣì le. Mo ní bí mo bá sọ tiyín, gbogbo ọjà á béèrè tiwọn, wọ́n á ní n wá oògùn, iṣẹ́ náà á sì dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí pépà jáde ná. Nígbà tó jáde, mo ní kí wọ́n kà á ná. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀ fi ẹ̀dà pépà náà sínú ọ̀rá, ẹ ń fi han àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Òkè Ọya. Ẹ ò lè kà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ojú yín pọ́n tí ikùn yín sì wú, ẹ ní ibà pọ́njú lásán ni, ẹ ní kí n kọjú mọ́ iṣẹ́ mi. Ní ọsibítù, dókítà ní ì bá dáa ká ní a tètè mọ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ṣé oògùn ì bá ràn yín lọ́wọ́? N kò mọ̀, n kò sì lè mọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo mú ìwé orúkọ, mo wọ ọjà lọ. Mo jókòó ti àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ tiwọn fún wọn. Àwọn kan dúpẹ́, ó sì dùn mí ju èébú lọ. Àwọn kan ti kú kí n tó dé. Ìyá Kúdí, tí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ mọ́, dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní ó kéré tán ìyá mi ti gbọ́ tiẹ̀ kó tó lọ, nítorí ọmọ kì í fi irú ẹ̀ pamọ́ fún ìyá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n ti gbọ́.

Mo pa irọ́ fún àgbàlagbà lójúkojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, Màámi, kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà náà. Èsì yín ti jáde. Àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má lọ sọ́jà lọ́la. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, màá tẹ̀ lé yín lọ.

Mo fẹ́ràn yín.

Ọmọ yín tó mọ̀ tí kò sọ.