Orúkọ Àwọn Tó Ń Gbé Titus

Mọ́ńdè, 9 oṣù kẹfà, 2025

Ẹ̀yìn mi ti lọ. Ilé Titus ní Kabusa ló ti ṣẹlẹ̀. Titus — aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tí ọkọ̀ ti gbá a, ẹnu nìkan ló ń sáré. Mo ń gbé e látorí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ni kẹ̀kẹ́ bá yọ̀ sẹ́yìn. N kò jẹ́ kó ṣubú. Mo dì í mú, nǹkan kan sì ró "kà" ní ìbàdí mi. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Sister Hàlímàt, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti ń rò ó pé kí n dín ẹ̀bà kù." Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Túsìdeè, 10

Dókítà ní kí n má gbé ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kódà garawa omi.

Wẹ́sìdeè, 11

Mo wọ́ ara mi dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá Adéníjì ló ni iléeṣẹ́ tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn aláàbọ̀ ara. Nínú ìwé yìí, Ìdílé-Kan ni mo ń pè é. A tọrọ ìsinmi: "Ìdílé kan ni wá." A ní kó ra ìbọ̀wọ́: "Ṣebí ìdílé kan ni wá."

Mo bi í nípa ìnṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, nínú férémù, ó ń dán. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ilé mi ni mo ti ṣubú, òun á máa gbàdúrà fún mi.

Mo ní màá rò ó. Irọ́ ni. Nígbà tó lọ tọ̀, mo ya fọ́tò férémù náà.

Fúráìdeè, 13

Titus rí nọ́ńbà fóònù iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nísàlẹ̀ fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó pè wọ́n. Ó ní, "Èmi ni ẹrù tó dá a lẹ́yìn. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?" N kò rán an o. N kò sì dá a dúró.

Mọ́ńdè, 16

Ìnṣọ́ránsì ń bọ̀ lọ́la. Bùkúnmi, olùtọ́jú bíi tèmi, ló pè mí: Ìdílé-Kan ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ ọ́fíìsì!

Túsìdeè, 17

Ẹ jẹ́ kí n rọra kọ ọ́, kó má bọ́ sọnù.

Obìnrin kan ni wọ́n rán wá, Rosemary, ọmọ Kàbà, dígí rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Orúkọ òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé rẹ̀. Kò sí tèmi. Kò sí ti Bùkúnmi. Ó pe àkọ́kọ́: Ìdílé-Kan fúnra rẹ̀. Èkejì: ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀kẹta: àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń gbin iṣu ní Abaji. Ẹ̀kẹrin: "Jọmílójú Adéníjì, olùtọ́jú àgbà. Òun dà?"

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Jọmílójú ti ilé ìwé dé — ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, báàgì lẹ́yìn, bisikíìtì lẹ́nu. "Dádì, ta ló ń pè mí?"

Bùkúnmi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kai! Ẹ̀rín náà dun ẹ̀yìn mi ju ọjọ́ tí mo gbé Titus lọ.

Wẹ́sìdeè, 18

Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé wa ní Kuje. Ìyàwó kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Ọ̀gá ní òun rò pé kò sóhun tó máa ṣe wá, àwọn tó wà nítòsí lòun kàn kọ sínú fọ́ọ̀mù. Rosemary ti sọ fún un: bí orúkọ mi kò ti sí níbẹ̀, ọrùn Ọ̀gá gan-an ni owó ìtọ́jú mi wà, kó sì forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kíá. Àánú rẹ̀ ṣe mí — fún ìṣẹ́jú kan. Mo ní kó kọ ibi tí mo ti fara pa sílẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó kọ ọ́: ilé Titus, lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ni ìyá mi tó bu omi fún un.

Fúráìdeè, 20

Ọ̀gá gbé ìwé orúkọ tuntun wá sílé wa kí n fọwọ́ sí i, bí Rosemary ti ní kó ṣe, pé gbogbo wa la wà níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni wá.

Mo ní, "Ọ̀gá, Bùkúnmi ńkọ́?"

Ó ní òun ti ní kó máa lọ sílé láàárọ̀ yìí. Kò ní ìtẹríba. Ó fi òun rẹ́rìn-ín níwájú àlejò.

Mo dé bírò padà. Mo ní, "Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, sà. Òun ni ẹnu rẹ̀ kàn yá jù. Tí kò bá sí níbẹ̀, n kò fọwọ́ sí i."

Ó wò mí. Ó wo ìyá mi. Ó pe Bùkúnmi lórí fóònù níwájú wa, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ó wá mú bírò, ó kọ orúkọ Bùkúnmi sísàlẹ̀ — ó fo lẹ́tà kan.

Mo ní kó tún un kọ.