Ìwé Tí Mo Ní Mo Ti Kà

                                                  Yàrá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn,
                                                  Lórí ìsọ̀ aránbàtà.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí a kì í fi tuntun pààrọ̀,

Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń bá ọ ṣọ̀tá ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà, àbí orí àga náà lo ṣì wà? Ṣé ìyàwó wa le, ṣé ó ṣì ń fi tipátipá gbé ọ síta láti gba oòrùn àárọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ní òun kórìíra ìwé? Bá mi kí i dáadáa. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló gbọ́n nínú ìdílé yín. Èmi náà wà, a ò lè sọ pé a ò sí.

Wàá ti rí i pé ìkọ̀wé mi kò rí bó ṣe máa ń rí. Gègé ńlá tí aránbàtà ìsàlẹ̀ fi ń sàmì sára awọ ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ má baà máa gun ara wọn lórí. Gbogbo ọmọ tí mo nà nítorí ìkọ̀wé jákujàku nígbà ayé iṣẹ́ wa, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí lẹ́tà yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lóṣù karùn-ún, dókítà ojú tan iná kékeré kan sí mi lójú, ó wò ó títí, ó sì wá jókòó. Tí dókítà bá jókòó kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò dáa nìyẹn. Ó ní ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń kú, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà, awò ojú kankan ò sì lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà, ẹ yáa kà á kí ọdún tó parí." Mo bi í pé ìwé mélòó ni ìyẹn máa jẹ́. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo délé, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi: ojú ìwé márùn-ún lójúmọ́ tí oòrùn bá mú, òdo lọ́jọ́ tí kò bá mú. Ìwé kan ni. Ẹyọ kan péré.

Mo ti sọ ti ẹgbẹ́ òǹkàwé wa fún ọ rí. Àwa mẹ́rin la ṣẹ́ kù tí à ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé nínú ṣọ́ọ̀bù bábà: Bábà fúnra rẹ̀, Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, èmi, àti Alága. Akọ̀wé kóòtù ni Alága tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn án o; ó kàn jókòó sórí àga bábà tó ń yí po, bó ṣe di alága nìyẹn. Òfin wa kan ṣoṣo ni pé èèyàn kì í yan ìwé fún ara rẹ̀. Àwọn tó kù ló ń yàn án fún un, nínú ìwé tí àwọn ti kà tí òun kò tíì kà. Òfin tó dáa ni. Òun ló pa mí.

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí í dárò. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde. Ọ̀rẹ́ mi, ìwé rẹ ni! Ìwé ẹlẹ́yìn àwọ̀ ewé yẹn, ti obìnrin aránṣọ tó ń wá ọkọ rẹ̀, èyí tí o yá mi ní yàrá àwọn tíṣà ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí o ní tí n kò bá sunkún ní orí tó kẹ́yìn, kí n má pe ara mi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà, Tíṣà."

Bábà bú sẹ́rìn-ín. "Èwo? Èyí tí Tíṣà fi odindi wákàtí kan bẹnu àtẹ́ lù lọ́jọ́sí? Tó ní ńṣe lẹni tó kọ ọ́ ń fi omijé dẹ pàkúté fún òǹkàwé?"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà." Nọ́ọ̀sì kò wo Bábà rárá, èmi ló ń wò. "Mo kàn ń béèrè ni. Tíṣà, ṣé ẹ ti kà á?"

Ohùn tí wọ́n fi ń bi aláìsàn bóyá ó lo oògùn ló fi bi mí. Ohun tí mo máa fi dá a lóhùn ò ju "Rárá" lọ. Ṣùgbọ́n Alága wà lórí àga rẹ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Kà á kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì gbáko!"

Alága fọwọ́ lu orúnkún. "Ó parí! Ní ìbámu pẹ̀lú òfin, a wọ́gi lé ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́ ìjìnlẹ̀." Ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀, olójú ewé ẹgbẹ̀ta, tó ki bíi búlọ́ọ̀kù. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka èyí. Ẹni tí kò bá kà á, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé."

O ti lóye báyìí, àbí? N kò ka ìwé rẹ. Orí kẹta ni mo dé tí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ fi dé, tí mo gbé e sílẹ̀ láti máàkì. Ní ọjọ́ Ajé, o bi mí lójú gbogbo tíṣà bóyá mo ti parí rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní baba ìwé, kí ni mo máa wí? Mo ní mo ti parí rẹ̀, pé òpin rẹ̀ ti dùn jù. O bínú. A jà sí i títí oúnjẹ fi tutù. Láti ọjọ́ náà la ti ń jà sí i, ìjà náà sì dùn mọ́ mi débi pé n kò rántí mọ́ pé n kò mọ ohun tí mo ń jà lé lórí. Gbogbo àríwísí mi, ẹ̀yìn ìwé ni mo ti kà á. Èyí tó kù, ẹnu tìrẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi lọ ní ogójì, òótọ́ sì bá a lójú.

Ní ti ìwé Alága, adájọ́ kan ló ń rò ó bóyá kí òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ojú ewé igba, ó ṣì dúró síbi fèrèsé. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí igba ó lé mọ́kànlá, kò ṣí. Etí àwọn ewé náà ṣì so mọ́ra bí wọ́n ṣe kúrò nílé ìtẹ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta, àbí? Mo rẹ́rìn-ín títí aránbàtà fi fi igi kan àjà lábẹ́ mi. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu, nítorí mo rántí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ǹ bá jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bi mí pé ibo ni mo dé, n kò sì fẹ́ jẹ́ irú Alága lẹ́ẹ̀kejì. Mo yá abẹ lọ́wọ́ Bábà, mo ní èékánná ni mo fẹ́ gé, mo sì ń la àwọn ewé náà ní méjì méjì títí mo fi kà á dópin. Oṣù mẹ́rin. Adájọ́ náà kò fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dá ìwé náà padà, Alága fi ìka tọ́ etí àwọn ewé tí mo là. Ó wò mí. Mo wò ó, bí mo ṣe lè wò ó mọ. Ó ní, "Ìjìnlẹ̀, àbí?" Mo ní, "Ìjìnlẹ̀ ni."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fọwọ́ wá ẹ̀dà tìrẹ, èyí tí n kò dá padà rí, jáde nísàlẹ̀ àpótí. Tákàdá àkókò ìdánwò ọdún yẹn ṣì wà ní orí kẹta níbi tí mo fi í sí. Mo rántí ibẹ̀: obìnrin náà dìde nídìí máṣíìnì, ó ní òun ń bọ̀ báyìí, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé pẹ̀lú awò ńlá tó ń mú lẹ́tà tóbi. Mo rí "ó", mo rí "sì". Èyí tó kù dà bí òjò lára gíláàsì. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi lọ. N kò gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

Má sọ pé kí ẹnì kan kà á fún mi. Nọ́ọ̀sì ló ń ka ìwé ìròyìn fún mi báyìí, tí mo bá sì gbé ìwé yẹn lé e lọ́wọ́, kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ni n kò lè fara dà. Ìwọ ń ríran, ẹsẹ̀ ni kò gbé ọ. Èmi ń rìn, ojú ni kò ríran. A ti di ìtàn afọ́jú àti arọ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, àfi pé nínú ìtàn yẹn, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Bá mi kí ìyàwó wa. Tún bá mi kí ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa tó bá ṣì ń mí. Sọ fún un pé mo ṣì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé lọ́wọ́.

Lẹ́tà tó o bá fi dá mi lóhùn, Nọ́ọ̀sì ló máa kà á sí mi létí. Nítorí náà, má dárúkọ ìwé kankan. Sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ, sọ̀rọ̀ òjò. Tó o bá dé ibi tí o ti ń ròyìn àdúgbò, kàn sọ fún mi bóyá obìnrin yẹn padà wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa ṣe bí ẹni pé aládùúgbò rẹ kan ni. Tí kò bá padà wá, sọ pé kò padà wá. Má ṣàánú mi. Irọ́ tí mo ti pa tó àwa méjèèjì.

Èmi tí o rò pé o mọ̀, tí o máa ń pè ní
Ṣọ́ọ̀kì.