Ọkọ̀ Ni, Kì í Ṣe Ọkọ

Igbudu,
Warri.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró. Ara àwa náà yá.

Ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ ọmọ yín ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Ẹ rántí pé àwo orin ráàpù rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó fi Píjìn kọ, tà dáadáa. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ní Agbassa tí wọn kì í ti í gbé e sí i. Ìkejì ló kó bá a. Àwọn kan ní kó máa sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà kí òkìkí rẹ̀ lè dé òkè òkun, ó sì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń ṣe! Ẹnìkan pariwo sí i lójú agbo pé, “My sister, who dey pursue you?” Ó wọlé wá bá mi, ó ní, “Mama, I don tire. I no go sing again.” Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ mọ̀ pé láti kékeré, tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó yà mí lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ọ ní balùwẹ̀, tó ń fi Yorùbá ṣe ráàpù nípa mọ́tò jákujàku tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé wọn lọ sílé ìwé, tí gbogbo àdúgbò máa ń bá a tì. Ṣùgbọ́n dípò “bàbá mi ra ọkọ̀,” ohun tó ń wí ni “bàbá mi ra ọkọ!” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí mo ṣàlàyé, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Yorùbá lòun ó fi kọ àwo kẹta, kí n wá máa tún ohùn òun ṣe.

Bí mo ṣe ti ìsọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì mi pa nìyẹn, tí mo tẹ̀ lé e lọ sí Orhuwhorun, ní sítúdíò Enoch, ọmọ Urhobo tó ń bá a ṣe orin. Mo ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, kò bọ́ sí i. Nígbà tó yá, inú bí mi, mo kígbe: “Ọkọ̀ ni! Kì í ṣe ọkọ! Ṣé bàbá ẹ jọ ẹni tó ń ra ọkọ ni?” Mi ò mọ̀ pé Enoch ò tíì pa ẹ̀rọ. Igbe mi ni wọ́n fi ṣe ègbè orin! Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n má sọ mí di aláriwo káàkiri ayé. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀: “Mama, abeg. Na your voice carry the song.” Mo gbà, ṣùgbọ́n àyà mi ń já nítorí bàbá rẹ̀, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé àwo orin kẹta yìí jáde. Gbọ̀ngàn kún. Ọkọ mi ká apá mọ́ àyà, ó le ojú. Bí orin náà ṣe dé, Urhobo, Itsekiri, Isoko, gbogbo wọn ń ké, “Ọkọ̀ ni! Kì í ṣe ọkọ!” Ohùn wọn já geere ju ti ọmọ mi lọ! Mo yíjú wo ọkọ mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń jó bí ẹni tó ń ti mọ́tò. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa náà dìde, wọ́n ń bá a tì í.

Nígbà tó parí, Morẹ́nikẹ́ sáré wá dì mọ́ mi. Ó ní, “Màámi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ebi ń pa mí.” Kò sí ẹyọ Píjìn kan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kàn dì mú títí a fi délé.

Ọlọ́run tó fi ayọ̀ yìí hàn wá kò ní jẹ́ kí ẹ̀rín tán nílé yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ yín yóò sì gbà yín jó.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Fẹ̀yìntọlá.

Àfikún: Morẹ́nikẹ́ ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ yín, kó lè kọ́ ọ̀rọ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ àwo kẹrin. Tó bá fi Píjìn bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn o. Àmọ́ tó bá jẹ́ oúnjẹ ló ń bèèrè, ẹ dákun, ẹ bu fún un.