Ẹsẹ̀ Ìyàwó àti Kànga Agboolé

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì, 2025

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo di ìyàwó! Bí mo bá ń gbálẹ̀, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín. Adúmáadán mi, olówó orí mi, ní kí n rọra, kí wọ́n má baà gbọ́ mi ní Bẹẹrẹ. Kí wọ́n gbọ́! Kí Mápó náà gbọ́!

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Píọ́wọ́tà ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo wọlé, dípò omi kànga ilé. Ọdún mẹ́ta rèé tí etí kànga agboolé ti ya wọ inú rẹ̀, tó sì dí. Ní ìpàdé òní, Baba Mọ́gàjí ní bí kò bá lómi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọ́ iyẹ̀pẹ̀ kún un, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Gbogbo ilé dáhùn: "A máa ṣe é." Ta ni "a"? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á.

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé iṣẹ́ náà, torí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ — iṣẹ́ kan, ẹni kan, ọjọ́ kan. Louisa: yanrìn, Ẹtì. Obed: kànga gbígbẹ́, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó rẹwà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Yéè! Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé yìí kí n tó dé, ọkọ mi ni. Ìyá Jamilah, ìyálé wa, ní, "Èmi tí mo pọn ẹni tó o ní kó gbẹ́ kànga yìí, n ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìwọ wá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn!" Louisa, ẹ̀gbọ́n Adúmáadán, ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ó ní kí n lọ fi eyín wa yanrìn náà.

Mo kúnlẹ̀ títí. Mo nù ún. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè wọ́n lórúkọ.

Ọjọ́rú, 12

Mo fi orúkọ àpọ́nlé rọ́pò! Louisa di Eyínfúnjowó. Obed, ọmọkùnrin gíga, di Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n ń rọ́ wá: "Ìyàwó, èwo ni tèmi?" Bí mo bá ti ka orúkọ, mo ka iṣẹ́ mọ́ ọn. Louisa fajú ro sí mi — ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un kà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Yanrìn dé!

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbọ́ pé Obed fẹ́ gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ ní Òjé. N ò bínú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, mo gbóhùn sókè: "Ẹ káàárọ̀ o, Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi tí yóò wọ kànga lónìí!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó jáde tòun ti okùn. "Ìyàwó, o ò ní í pa mí. Mo ti dìde, jàre."

Ọjọ́ Ajé, 24

Wọ́n kan òkúta. Kò sómi. N ò sunkún — díẹ̀ péré ni. Mo fi ọjọ́ méjì kún ti Agùntáṣọọ́lò, mo sì yọ ọ́ lára ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún símẹ́ńtì etí kànga.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Omi! Omi! Wọ́n ní ọ̀la ni ààwẹ̀, Obed sì ń pariwo láti ìsàlẹ̀ kànga! Baba Mọ́gàjí fi omi náà bọ́jú, kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ń sáré lọ sọ fún Adúmáadán, Ìyá Jamilah ní, "Dúró níbẹ̀." Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó da igbá omi kan sí mi lẹ́sẹ̀. Ó tutù. Amọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."