Èékánná Tí A Sin ní Oǹdó

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti lọ síbẹ̀. Ìlú kékeré etí òkun ní Ghana, níbi tí wọ́n ní ògiri ti wó lù yín, ibẹ̀ ni mo lọ. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́ ló háyà bọ́ọ̀sì pé kí a lọ wo ilé odi tí àwọn òyìnbó kọ́ sétí òkun láyé òwò ẹrú. Àwọn yòókù bá fàájì lọ. Èmi bá ìfura lọ. Ẹ mọ̀ mí, ẹ̀yin lẹ sọ mí ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí pé bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, èmi ni mo máa ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ohun tí mo ń fura sí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Èékánná yín ni.

Ìlú le lọ́dún tí ẹ kúrò nílé. Epo bẹntiróòlù di àwárí, owó oṣù àwọn tíṣà kò jáde, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, gbogbo ẹ̀yin bíríkìlà sì ń jókòó sílé. Ẹ̀yin àti Bàbá Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń rẹ́ ilé, lẹ gbọ́ pé wọ́n ń tún ilé odi àtijọ́ kan ṣe ní Ghana, ẹ sì jọ lọ. Bàbá Fọlákẹ́ nìkan ló padà. Ó gbé aṣọ ìnujú funfun kan lé Màámi lọ́wọ́. Irun orí yín àti èékánná yín ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé. A kan pósí fún un bí ẹni pé odidi yín ló wà níbẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà lẹ́yìnkùlé.

Mo yọjú wo inú aṣọ náà kí wọ́n tó dì í. Èékánná yẹn mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Fọlákẹ́ ní ọ̀sán gangan ni ògiri wó lù yín lẹ́nu iṣẹ́. Bíríkìlà wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan tí kò ní sìmẹ́ńtì lábẹ́ èékánná? Ìrọ̀lẹ́ nìkan lẹ̀yin máa ń rí ti èékánná rò. Ẹ ó jókòó sórí àpótí, ẹ ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ẹ ó máa fi yọ ìdọ̀tí lábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Iyán á máa tutù, Màámi á máa kùn. Ọmọdé ni mí, mo panu mọ́.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó máa ń ra aṣọ ní Ghana yà sílé wa. Ó ní òun rí yín tẹ́ ẹ gbé garawa ọ̀dà dání. Ó ní òun pe orúkọ yín, ẹ wo ojú òun, ẹ sì yára wọ inú ilé odi lọ. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Ṣùgbọ́n Màámi ní àkúdàáyà ni, pé ẹni tó kú láìtọ́jọ́ ló lọ ń gbé ìlú mìíràn, bí ará ilé bá sì wá a lọ, yóò pòórá, aburú sì lè bá ẹni tó wá a. Kíá ló sọ ọ́, kí àwọn àgbà ilé tó ronú. Gbogbo wọn gbà. Àwa ọmọ ìjọ tí à ń gbàdúrà ní àràárọ̀, a gba àkúdàáyà gbọ́ ju ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí yín. Bàbá Fọlákẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bàbá Fọlákẹ́ kú lẹ́yìn ìgbà náà láìsọ nǹkan kan.

Ilé odi yẹn funfun báláú, Bàbá mi. Àwọn ìbọn àgbá tò sórí rẹ̀, wọ́n kọjú sí òkun, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ń sọ ìtàn àwọn ẹrú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń nu ojú. Èmi ń fọwọ́ pa igun ògiri. Ẹ kì í jẹ́ kí igun ògiri mú, ẹ máa ń ra á títí yóò fi ṣe roboto, kó má baà ṣe ọmọdé léṣe. Bó ṣe rí nílé wa ní Oǹdó náà ló rí níbẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ògiri ti wó pa òṣìṣẹ́ rí. Ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wò mí tìfura-tìfura. Àwa méjèèjì bára wa mu.

Ìyá arúgbó kan ń ta ẹja díndín lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ghana ni wọ́n bí i sí. Mo fi fọ́tò yín hàn án, ó sì mọ̀ yín lójú ẹsẹ̀. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe parí, wọ́n dá yín dúró pé kí ẹ máa kun ògiri náà lọ́dọọdún. Ẹ dá gbé yàrá kan, ẹ ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní ojú ń tì yín láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àsìkò ọyẹ́ tó kọjá yìí ni wọ́n sin yín.

Mo bi í bóyá ẹ sọ̀rọ̀ wa rí.

Ó ní, "Ó máa ń sọ pé wọ́n ti sin òun nílé. Ó ní bí òun bá yọjú, ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ òun."

Inú bí mi, Bàbá mi. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ na ọwọ́ sí Bàbá Fọlákẹ́ kó gé èékánná yẹn? Ṣé ẹ kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ wọn ni? Mo sunkún yín títí ohùn mi fi há. Ta ló sọ fún yín pé owó là ń retí? Ìyá arúgbó náà mú mi dé ibojì yín. Mo fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ wálé, mo sì rántí pé ẹ ti ní ibojì nílé. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo dìde.

Ìfura kan kù, torí rẹ̀ ni mo ṣe gba Oǹdó lọ ní Sátidé. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo gbé ẹja tí mo rà fún un kalẹ̀, mo ní ẹgbẹ́ wa lọ wo òkun ní Ghana. Mi ò dárúkọ ìlú, mi ò dárúkọ yín. Ó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ó bi mí bóyá oúnjẹ wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà títí, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ṣé ó ti darúgbó gan-an?"

Láti ọdún wo ló ti mọ̀ pé ẹ wà láàyè? Ṣé ọjọ́ tí aṣọ ìnujú yẹn dé ni, àbí ọjọ́ tí obìnrin aláṣọ yà sílé wa? Mo ti to ìbéèrè wọ̀nyẹn sẹ́nu láti Àkúrẹ́. Mi ò lè bi í ní ẹyọ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti darúgbó, gbogbo irun yín ti funfun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fẹ́ èèpo ẹ̀wà dànù. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo wá di Bàbá Fọlákẹ́, mò ń wolẹ̀.

Ó ti ń bi mí ìgbà tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tún máa lọ. Ó ti ra èlùbọ́ tó fẹ́ fi rán mi sí yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.