Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Ti Ṣáájú Lọ sí Òkè Ìsinmi

Ọjọ́ Àìkú, 5 Elulu

Ayọ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó Yona, ọmọ mi, bí ọkùnrin — orí bàǹtà. Simha, ọmọbìnrin mi, náà bí obìnrin. Mazal, ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì lóṣù tó kọjá. Ijó tí mo jó níbẹ̀, orúnkún mi ṣì ń sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ti pé mẹ́tàdínlógún, kí ojú burúkú má rí wọn. Èmi tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀wé títí di èṣí ni mo fọwọ́ ara mi kọ gbogbo èyí! Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà ní kí a máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ìlà kan.

Ràkúnmí ń tiro. Ó ní bàtà ló há òun. Ràkúnmí ni mo ń pe Sabto ọkọ mi, nítorí aláàárù ni. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi ń ru ẹrù ní ọjà Jerúsálẹ́mù. Ó ti pọn fíríìjì gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Elulu

Kì í ṣe bàtà. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dúdú. Àtọ̀gbẹ.

Ọjọ́rú, 8 Elulu

Ilé ìwòsàn. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oró á gun òkè lọ, Ràkúnmí ò ní bá wa ṣe ọdún tuntun. Ọdún tuntun àwa Júù, tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oṣù Elulu yìí bá parí, sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ó kọ̀. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mazal ní, "Bàbá àgbà, ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe orí." Ó ní, "Panu mọ́, ìyàwó oníbúrẹ́dì! Ṣé ìyẹ̀fun ni ẹsẹ̀ mi?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 9 Elulu

Mo ti mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ ni.

Zakho ni a sin ìyá ọkọ mi sí, ìlú tí a ti wá ní ilẹ̀ Ìráàkì. A ò lè gbé e wá. Ohun tí àwọn bàbá wa sì kọ́ wa ni pé, nígbà tí Mèsáyà bá dé, tí òkú bá ń jí, ilẹ̀ yìí ni wọn yóò ti jí. Àwọn tí a sin sọ́nà jíjìn yóò máa yí gbirigbiri bọ̀ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, títí wọn yóò fi yọrí lórí òkè tó kọjú sí ibi Tẹ́ńpìlì. Ràkúnmí ṣèlérí fún un lórí ẹní ikú: "Ìyá, bí ẹ bá ti yọrí, èmi ni màá pọ̀n yín."

Bí ọmọdé ló ṣe bi mí: "Ìyá Yona, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ kan lè pọn ìyá rẹ̀?"

Mo bu omi fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Elulu

Mo se kúbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ kíkan, ìyẹ̀fun rírọ tí a ki ẹran sínú, gbé lọ fún un. Kò fọwọ́ kàn án. Ìka kejì ti dúdú.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Elulu

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Rábì Manase wá, ọmọ ìlú wa. Ó jókòó létí ibùsùn. Ó ní ẹni tó bá kú ní afọ́jú, ní afọ́jú ni yóò jí. Ẹni tó kú ní arọ, ní arọ ni yóò jí. Ara mi bù máṣọ. Mo ní kí ló dé tí Ọlọ́run yóò ṣe irú ìyẹn? Ó ní kí àwọn ọmọ wọn lè dá wọn mọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ẹlòmíràn ló jí. Lẹ́yìn náà ni Yóò wò wọ́n sàn. Ó ní bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ yìí, a ó sin ín sínú ilẹ̀ tí Sabto ti rà sílẹ̀, yóò máa dè é níbẹ̀.

Mo wo ẹsẹ̀ dúdú yẹn. Ẹsẹ̀ tí mo máa ń fi omi gbóná wẹ̀ kí Ọjọ́ Ìsinmi tó wọlé. Ọba tó na ọ̀run bí aṣọ, Ó ro ti ẹsẹ̀ yìí mọ́ ọn! Àléébù wa pàápàá, Ó fẹ́ fi dá wa mọ̀ ná.

Ràkúnmí ló sọ̀rọ̀: "Rábì, láàárín jíjí àti ìwòsàn, ó máa pẹ́ tó báwo?"

Rábì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní wọn ò sọ fún wa.

"Ìyá mi kì í dúró de ènìyàn o. Ẹ mọ̀ wọ́n."

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: "Èmi á pọ̀n wọ́n títí ẹsẹ̀ yín á fi sàn."

"Ìwọ? Ìyá mi tó ní ọbẹ̀ rẹ dà bí omi ìfọṣọ?"

"Èmi náà ni."

"Tí o ń pè ní Ata Gbígbẹ lẹ́yìn?"

"Ata gbígbẹ kì í wúwo."

Rábì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ràkúnmí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí ìbòjú mi. Ó ní, "Pe Mazal. Kó mú ìwé dókítà àti bírò wá."

Ọjọ́ Ajé, 13 Elulu

Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mò ń ka àdúrà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, láìsí ẹni tó ń kà á sí mi létí.

Ó yè. Ó yè. Ó yè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Elulu

Ọkùnrin méjì wá láti ẹgbẹ́ ìsìnkú. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ó kéré — bí ọmọ tuntun lápá wọn.

Òkè Ìsinmi, ibi ìsìnkú wa. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ — wọ́n kọjú ọmọ ìka sí ibòmíràn, kì í ṣe ibi Tẹ́ńpìlì! Mo pariwo. Mo ní ṣé ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni ọkọ mi á máa rìn lọ pàdé Mèsáyà ni? Àbúrò inú wọn ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni." Lásán kẹ̀! Ẹsẹ̀ tó ru fíríìjì ìdajì Jerúsálẹ́mù! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Yí i padà, jàre, kí wọ́n má baà wọnú ihò bá wa." Wọ́n yí i padà.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán, mo dúró. Ibojì títí lọ ìsàlẹ̀ òkè, funfun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gbogbo wọn dùbúlẹ̀ bí ọkà inú ebè. Ẹnì kan wà tó mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó mọ èyí tó ń tiro nínú wọn. Ibẹ̀ sì ni díẹ̀ lára ọkọ mi wà báyìí, nígbà tí ìyókù rẹ̀ ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí tíì. Ẹ̀rù bà mí — ẹ̀rù tó dùn. N ò fẹ́ kó kúrò lára mi.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 16 Elulu

Ó jẹun. Ó bi mí ibi tí ọmọ ìka kọjú sí. Mo ní ibi Tẹ́ńpìlì. Ó mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè ilẹ̀ tèmi. Mo ní apá òsì rẹ̀ ni Yona fẹ́ rà, òun ló rọjú. Ó ní rárá, apá ọ̀tún ni. Mo ní ọ̀tún wọ́n. Ó ní, "Ọ̀tún ni mo wí. Bí mo bá jí, tí ìwòsàn ò tíì dé, ta ni kí n fara tì?"

Mo yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Elulu

Mo ń rán Mazal sí ẹgbẹ́ ìsìnkú, fún ilẹ̀ apá ọ̀tún. Owó rẹ̀, ẹgbẹ̀sán ṣékélì.